Irin tí Bàbá dì mọ́wọ́ kò rí kíndìnrín wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa apòògùn. Tíṣà ni mí ní Iléṣà níbí. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, ọsibítù Wesley Guild ni wọ́n sì ti ń gba ìtọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan wá sí gbọ̀ngàn kan ní àdúgbò wa, wọ́n ní àwọn ń yẹ gbogbo ara wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fi irin kan lé Bàbá lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà sì tẹ ìwé jáde pé kíndìnrín wọn ti ń bàjẹ́, pé májèlé ti kún inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Arákùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ta oògùn inú ike fún wọn ní ₦185,000, ó ní kí wọ́n dá oògùn ọsibítù dúró kí tòun lè ráyè ṣiṣẹ́, ó tún ní bí wọ́n bá mú èèyàn mẹ́ta wá, owó wọn á padà sọ́wọ́ wọn. Bàbá ti dá oògùn dúró láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ní ara àwọn fúyẹ́. Arákùnrin yẹn ń bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú ìpín kejì. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá jìbìtì ni? Kí ni kí n sọ fún Bàbá tí kò ní dà bí àrífín? Ǹjẹ́ a lè rí owó náà gbà padà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú làálàá ọmọ ilé ìwé. Jìbìtì ni. N ó sọ bí mo ṣe mọ̀, n ó sì dé orí ọ̀rọ̀ owó, ṣùgbọ́n owó lè dúró. Oògùn tí Bàbá dá dúró ni kò lè dúró, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọ̀la, ẹ kó gbogbo oògùn Bàbá sínú ọ̀rá kan, ti ọsibítù àti ti inú ike náà, ẹ mú káàdì wọn dání, kí ẹ jọ lọ sí Wesley. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú káàdì. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì tó bá gbà yín pé Bàbá kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n sì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fún wọn ní ìlọ́po méjì oògùn lálẹ́ òní láti fi dí èyí tí wọ́n ti fò. Ìfúnpá tó bá já wálẹ̀ lójijì lè gbé àgbàlagbà ṣubú, ṣúgà tó bá sì lọ sílẹ̀ jù lè dá èèyàn kú láàárín wákàtí díẹ̀. Dókítà ni yóò sọ bí wọ́n ṣe máa padà sórí oògùn wọn.

Bí ẹ bá rí i lónìí pé ẹnu Bàbá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan kọ iṣẹ́, pé ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, tàbí pé àyà ń dùn wọ́n, ẹ má dúró de àárọ̀. Bákan náà ni bí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n tí omi kò tó wọn, tí wọ́n ń tọ̀ ṣáá, tí wọ́n ń bì, tí oorun tí kì í ṣe oorun gidi sì ń gbé wọn lọ. Ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lóru náà. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014 sọ ọ́ gbangba pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí ara Bàbá fi fúyẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń jà tí wọn kì í borí. Ọmọ á ní irọ́ ni. Bàbá á ní, "Èmi ni mo ni ara mi, mo mọ bó ṣe ń ṣe mí." Òótọ́ ni bàbá ń sọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ni. Ṣúgà tó ń rọra gòkè lè lo ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kó tó jẹ́ kí olúwarẹ̀ mọ̀. Oògùn tí a ń lò sí wọn ló máa ń yọ ara lẹ́nu. Metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, a máa ru inú, a sì máa fa ìgbẹ́ gbuuru, pàápàá bí èèyàn kò bá jẹun kó tó lò ó. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, a máa mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Lisinopril, tó jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bákan náà, a máa fa ikọ́ gbígbẹ tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, bí wọ́n bá lò ó lálẹ́, a máa jí àgbàlagbà lórí ibùsùn léraléra. Ẹ wá ro ó wò: bí Bàbá bá dá gbogbo irú ìwọ̀nyí dúró lọ́jọ́ kan náà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Kó tó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, inú á rọlẹ̀, ẹsẹ̀ á fọn, ikọ́ á dáwọ́ dúró, oorun á dùn. Ẹni tó ta oògùn inú ike á wá ní, "Bàbá, ẹ ò rí i? Májèlé ti ń jáde."

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gbàgbé láti sọ pé kí aláìsàn dá oògùn ọsibítù dúró. Àṣẹ yẹn ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n ní oògùn àwọn ṣe. Bí ara ṣe ń fúyẹ́ lójú, ìfúnpá ń gòkè, ṣúgà ń gòkè, kò sì sẹ́ni tó ń wọ̀n wọ́n, títí rọpárọsẹ̀ á fi dé lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ronú rẹ̀. Nígbà náà, wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbẹ̀ ni pé kí ẹ bi Bàbá léèrè wò: kí ni oògùn ọsibítù ń fi ṣe wọ́n tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kà á fún dókítà lọ́la. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ ní oríṣiríṣi. Èyí tó ń fa ikọ́, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ń ru inú, wọ́n lè dín in kù, tàbí kí wọ́n fún wọn ní irú rẹ̀ tó máa ń rọra tú sínú ara. Èyí tó ń jí wọn lóru, wọ́n lè ní kí wọ́n máa lò ó láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni kì í sọ, torí ojú ń tì wọ́n tàbí torí èrò pọ̀ lẹ́yìn wọn. Oníjìbìtì ló ń jèrè ohun tí wọn kò sọ yẹn.

Mo tún ní ẹ̀rù kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Irú oògùn inú ike báyìí máa ń ní ohun tí wọn kò kọ sí i lára nígbà mìíràn. Àwọn aláṣẹ oògùn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti yẹ èyí tí wọ́n ń pè ní ewé àti egbò lásán wò, wọ́n sì bá dexamethasone nínú rẹ̀, tàbí oògùn ara ríro, tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Dexamethasone yìí, ẹni tí làkúrègbé ń dà láàmú á dìde rìn lọ́jọ́ kejì tó bá lò ó. Ṣùgbọ́n ó ń gbé ṣúgà sókè, ó ń gbé ìfúnpá sókè, ẹni tó bá sì ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tó kàn dá a dúró lójijì lè dá kú. Èmi kò mọ̀ bóyá ó wà nínú èyí tí Bàbá ń lò. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbé ike náà lọ fún dókítà nìyẹn, kí ẹ má kàn dà á nù. Bí ojú Bàbá bá ti ń wú tó ń rí roboto, tí oúnjẹ sì ń wù wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ sọ ìyẹn náà.

Ó wá ku ẹ̀rọ. Mo mọ irú rẹ̀ dáadáa, ó ti yí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ká. Irin roboto kan ni, tí wáyà so mọ́ àpótí kékeré, tí àpótí náà sì so mọ́ kọ̀ǹpútà. Aláìsàn á di irin náà mú fún bí ìṣẹ́jú kan, àwòrán á máa tàn yinrinyinrin lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà ni ìwé á jáde, ojú ewé lórí ojú ewé, tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, eegun, ojú àti awọ ara. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gbé irin náà lé èèyàn lọ́wọ́. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ á kọ́kọ́ bèèrè orúkọ, ọjọ́ orí, ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bó ṣe ga tó àti bó ṣe wúwo tó. Inú àwọn ìdáhùn wọ̀nyẹn ni èsì ti ń wá. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ta ni kò mọ̀ pé bí a bá ní kíndìnrín, ojú àti oríkèé ń yọ ọ́ lẹ́nu, a ò ní jìnnà sí òótọ́? Wọ́n ti so irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́ aṣọ ìnura tútù rí, ẹ̀rọ sì kọ èsì fún aṣọ náà bó ṣe ń kọ fún èèyàn. Ẹ̀yin pàápàá lè dán an wò: kí ẹnì kan náà ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, kó pe ọjọ́ orí rẹ̀ ní 25 lẹ́ẹ̀kan, kó pè é ní 75 lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wá fi ìwé méjèèjì wéra.

Ọ̀nà tí a ń gbà mọ ipò kíndìnrín kò fara sin. A ń gba ẹ̀jẹ̀, a ń wọn ohun kan tó ń jẹ́ creatinine nínú rẹ̀, èyí tí kíndìnrín tó bá dá ṣáṣá máa ń sẹ́ kúrò. A ń gba ìtọ̀, a sì ń wò ó bóyá purotéènì ń jò sínú rẹ̀. E/U/Cr, ìyẹn àyẹ̀wò iyọ̀, yúríà àti creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n máa ń kọ sórí ìwé tí wọ́n á fi rán yín lọ sí láàbù. Ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ kíún láti orí ìka ni wọ́n fi ń wò ó. Àyẹ̀wò HbA1c sì ń sọ bó ṣe rìn láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ìfúnpá, aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá ni. Creatinine kì í gba àtẹ́lẹwọ́ bọ́ sínú irin. Ẹ bá mi bẹ dókítà pé kó ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín fún Bàbá ní tòótọ́, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà fún ọjọ́ pípẹ́ yẹ kó máa ṣe é déédéé tẹ́lẹ̀, oníjìbìtì yìí kàn jí ẹ̀rù tó ní ìdí lò ni.

Bí ẹ bá ní kí n fún yín ní àmì kan ṣoṣo tí ẹ ó fi mọ̀ wọ́n níbikíbi, òun nìyí: ẹni tó rí àìsàn lára yín ni ẹni tó tún ń ta oògùn rẹ̀, lórí tábìlì kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ní ọsibítù, dókítà ló ń kọ ọ́, láàbù ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, apòògùn ló ń fún yín. Bí ọ̀kan bá ṣì í, èkejì lè mú un. Kò sí owó tó ń wọ àpò ẹni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò torí pé ẹ̀jẹ̀ náà burú. Ní gbọ̀ngàn yẹn, bí arákùnrin náà bá sọ fún ẹnì kan pé ara rẹ̀ dá, kò rí nǹkan kan tà lọ́jọ́ náà. Ẹ bi àwọn ará àdúgbò yín léèrè: nínú gbogbo ẹni tó di irin yẹn mú, ta ni wọ́n sọ fún pé kò ní nǹkan kan lára? Mo gbà pé ẹ ò ní rí ẹnì kan.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé Bàbá gọ̀. Ẹ wo bí ọjọ́ kíníìkì ṣe máa ń rí. Wọ́n á jí ní kùtùkùtù, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á dúró títí wọ́n á fi pe orúkọ wọn, dókítà tí èrò ti sú á sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tó tún oògùn kọ. Kì í ṣe pé dókítà náà burú. Àwọn dókítà kò pọ̀ tó, àwọn aláìsàn sì pọ̀. Ẹ wá fi arákùnrin yẹn wé e. Bí irú wọn ṣe máa ń ṣe nìyí: ó dọ̀bálẹ̀. Ó fa àga fún wọn. Ó bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe sùn, bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe sí wọn. Ó tẹ́tí sí wọn fún wákàtí kan. Àgbàlagbà tó ń dá nìkan wà nílé ń fi ₦185,000 ra wákàtí yẹn pẹ̀lú oògùn náà. Èmi gbà pé èyí ló yẹ kó ká ẹ̀yin ọmọ lára jù lọ, torí òun nìkan ni ọwọ́ yín tó.

Ọ̀rọ̀ NAFDAC ńkọ́? Mo mọ̀ pé wọ́n á ti nà án sí yín, "Ẹ wò ó, nọ́ńbà NAFDAC wà lára rẹ̀." Ọdún 1993 ni wọ́n dá NAFDAC sílẹ̀. Ẹni tí gbogbo wa ń rántí níbẹ̀, Dora Akunyili, tó di ọ̀gá àgbà ní 2001, apòògùn bíi tèmi ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ní ìtọ̀ ṣúgà sì kú ní 1988 nítorí ayédèrú ínsúlínì. Mi ò lè kóyán iṣẹ́ wọn kéré láé. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ní ohun tó ń sọ àti ohun tí kò sọ. Nọ́ńbà lára ike afúnilókun tàbí oúnjẹ àfikún ń sọ pé wọ́n gbà kí wọ́n máa tà á gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ àfikún. Kò sọ pé ó ń wo kíndìnrín sàn. Lára àgbo tí wọ́n kàn kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní NAFDAC, ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí lẹ́tà ti kéré: ẹ ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ wò. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gba ike náà lọ́wọ́ Bàbá, kí ẹ kà á fún wọn, kí ẹ sì túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún lè wọ Greenbook ti NAFDAC, ìyẹn àkójọ àwọn ọjà tí wọ́n ti fọwọ́ sí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ orúkọ oògùn náà tàbí nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ohun kan náà ni wọ́n kọ síbẹ̀ àti sára ike. Àwọn kan máa ń jí nọ́ńbà ọṣẹ tàbí ti oúnjẹ lẹ̀ mọ́ oògùn. Oògùn ibà àti àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn máa ń ní ibi tí ẹ ó họ lára páálí wọn, ẹ ó rí nọ́ńbà kan lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó fi ránṣẹ́ láti orí fóònù, èsì á sì wá bóyá ojúlówó ni. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ máa ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ewé àti egbò ni mo ń bá jà. Ọmọ Ilé-Ifẹ̀ ni mí, níbẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ní 1971, nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ kò tíì máa jẹ́ Obafemi Awolowo, Abayomi Sofowora àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí gbòǹgbò orin atá tí àwa ń rún nílé, pé omi rẹ̀ ń yí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) padà sí bó ṣe yẹ kó rí, nínú ìgò àyẹ̀wò. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe kó sì já wọn nírọ́ bó bá lè já wọn. Wọn kò kó o sínú ike kí wọ́n sọ pé ó ń wo ọgbọ̀n àrùn. Oníṣègùn gidi tí mo mọ̀ ní Ìjẹ̀ṣà náà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Á sọ fún ọ pé ti ẹ̀yìn ríro lòun mọ̀, kí o gbé èyí tó kù lọ sọ́dọ̀ lágbájá. Láti 1974 ni òfin oúnjẹ àti oògùn wa sì ti ní àkójọ àwọn àrùn líle tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ polówó ìwòsàn wọn fún aráàlú. Gbogbo ìpolówó "ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà sàn pátápátá láàárín ọgbọ̀n ọjọ́" tí ẹ ń gbọ́ nínú mọ́tò àti lórí rédíò, ẹ fi ojú yẹn wò ó.

Àwọn oríṣi jìbìtì mìíràn wà tí mo kàn máa fẹnu bà. Fídíò tó ń kiri lórí Facebook àti WhatsApp, níbi tí dókítà tí gbogbo ayé mọ̀ ti ń polówó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: kọ̀ǹpútà ti lè da ojú àti ohùn èèyàn báyìí, ẹ má gba ẹnu tó ń mì gbọ́. Àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní Widal: ó lè sọ pé táífọ́ọ̀dù wà nígbà tí kò sí, torí ó lè jẹ́ pé èyí tó ti lọ tipẹ́ tàbí kòkòrò mìíràn ló rí. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún lóṣooṣù pé ó ní "màléríà àti táífọ́ọ̀dù", tí wọ́n sì ń gún un ní abẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, kó lọ rí dókítà. Ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì kò ní àṣẹ láti máa gún ni ní abẹ́rẹ́. Ní ọsibítù èyíkéyìí, ẹni tó bá ní kí ẹ fi owó sínú akáǹtì tòun fúnra rẹ̀ kí nǹkan lè yá, ẹ má san án. Ibi ìsanwó ni ẹ ó lọ, ẹ ó sì gba rìsíìtì.

Bí ẹ ṣe máa bá Bàbá sọ ọ́: ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi jìbìtì rárá. Ẹni tó ti ná ₦185,000 kò ní fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọmọ tó bí pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ, á kúkú gbèjà arákùnrin náà. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ ní, "Bàbá, ìwé tí wọ́n fún yín ní kíndìnrín ń yọ yín lẹ́nu, ọkàn mi kò sì balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín ní Wesley ká fi wò ó." Òótọ́ ni ẹ sọ, ẹ ò bú ẹnikẹ́ni. Bí èsì bá jáde, ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí apòògùn ibẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan bá wà tí Bàbá máa ń gbọ́ tirẹ̀, ẹ mú un lọ́wọ́. Bí ìfúnpá bá ga tàbí ṣúgà bá ga ju èyí tó wà nínú káàdì wọn lóṣù méjì sẹ́yìn lọ, wọ́n á rí i fúnra wọn. Ẹ má ní, "Mo sọ fún yín."

Owó. Ẹ wá rìsíìtì, ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àti àkọsílẹ̀ báǹkì bó bá jẹ́ pé inú akáǹtì ni wọ́n fi owó sí. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Ike tí ẹ ò tíì ṣí, ẹ má ṣí i. Ẹ kọ lẹ́tà sí i àti sí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lára ike, ẹ sọ ohun tó ní oògùn náà máa ṣe, ẹ sọ pé ó ní kí Bàbá dá oògùn dókítà dúró, kí ẹ sì bèèrè owó yín. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, kọ irú ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ lórí ọjà, àjọ FCCPC ló sì ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì gbé ike kan lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ní Òṣogbo. Mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á padà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí àwọn alájàpá oògùn báyìí dá owó padà ní kánkán nígbà tí wọ́n rí lẹ́tà tí orúkọ àjọ méjèèjì wà nínú rẹ̀, torí ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni wá wo ìyókù ọjà wọn. Ọmọ òṣómàáló ni yín, ẹ ò nílò kí n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dúró ti owó ẹni.

Láti ọ̀la lọ, ẹ ra ìwé ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan fún Bàbá. Ẹ fa ìlà sí i: ọjọ́, ìfúnpá, ṣúgà, oògùn tí wọ́n lò, ohun tó ń ṣe wọ́n. Kí ó wà lọ́wọ́ wọn nílé, kí wọ́n máa gbé e lọ sí kíníìkì. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí ni irú rẹ̀ ti di ohun tí gbogbo ayé ń lò: ní ìparí àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà Wesley Guild, ń fún àwọn ìyá ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní káàdì tí wọ́n á fi máa rí bí ọmọ wọn ṣe ń dàgbà, ìyá ló sì ń tọ́jú káàdì náà sílé, kì í ṣe ọsibítù. Nígbà tí nọ́ńbà bá wà lọ́wọ́ Bàbá fúnra wọn, ẹni tó bá tún gbé irin wá á ní láti dá nọ́ńbà náà lóhùn.

Ní Sátidé, kí Bàbá má jókòó nìkan tì í. Ẹ wà nílé, ẹ fún un lómi mu, ẹ má bá a jà. Ẹ bi í léèrè orúkọ dókítà tó ní kí Bàbá dá oògùn dúró àti nọ́ńbà ìwé àṣẹ dókítà náà, kó sì kọ àṣẹ yẹn sílẹ̀ kó fọwọ́ sí i. Kò ní kọ ọ́. Ẹ ní ẹ ò ra ìpín kejì.

Ó ku àwọn èèyàn mẹ́ta yẹn. Ẹ rọra bi Bàbá léèrè ẹni tí wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ oògùn náà fún, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú ẹgbẹ́ wọn, torí àgbàlagbà ni ọ̀rẹ́ àgbàlagbà, wọ́n sì lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn. Ẹ lọ sílé wọn kí Sátidé tó pé, kí ẹ wò ó bóyá àwọn náà ti dá oògùn dúró.